Ìgò Ọpẹ́ tí Mo Lọ Gbà Padà ní Ara

Ìdájí ni mo kúrò ní Ẹdẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀. Láàbù ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń se ewé imí eṣú, a ó da iyọ̀ síńkì sí omi rẹ̀, a ó sì sun ún títí yóò fi di ìyẹ̀fun funfun. Nánò ni wọ́n ń pè é, ó kúnná débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò àrùn dáadáa nínú abọ́ tí a ti ń dán an wò. Ṣùgbọ́n láti àná ni àwọn eku tí a fún jẹ ti ń kú, ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́, àgbẹ̀ kan ní ìlú Ara, ló ń fún wa léwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dá abọ́ ẹni tó bùn wá ní nǹkan padà lófìfo. Ìdí nìyí tí mo fi fún wọn ní ìgò ìyẹ̀fun kan lóṣù tó kọjá, pé kí wọ́n máa wọ́n ọn sí egbò ẹsẹ̀ wọn. Ọmọlúàbí òṣì!

Ọkọ̀ dé Awo gba ẹgbẹ̀rún náírà, ọ̀kadà dé Ara gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Omi pupa kún gbogbo kòtò ọ̀nà.

Ọlọ́kadà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé òkú lẹ fẹ́ lọ sin ni? Ojú yín ò dáa."

Mo ní kó sáré sí i.

Mo bá Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. Egbò ti jinná.

"Wò ó, ọmọ mi! Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ."

Mo béèrè ìgò náà.

"Ó tán láàárọ̀ yìí. Ṣé o ò mọ̀ pé inú ni gbòǹgbò egbò máa ń wà ni? Mo ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mu."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn eku fún wọn.

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi lò ó kí wọ́n tó kú?"

"Mọ́kànlélógún, Ìyá. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe èèyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò."

Wọ́n ka ìka wọn. "Ogún lèmi ti lò." Wọ́n wọlé lọ mú ìborùn.

Ọsibítù ní Ẹdẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́bọ̀. Mo mú Ìyá wá sílé mi. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé n kò gbọ́dọ̀ fi ohun tí mi ò tíì mọ òpin rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá rọra pè mí. Wọ́n ní bí èsì bá burú, kí n má sọ fáwọn ọmọ wọn pé èmi ni mo fún àwọn ní ìyẹ̀fun náà, kí àwọn ọmọ má baà bá mi jà. Mo sunkún bí ọmọdé.