Déètì Ẹ̀gbẹ́ Sáfà

Ẹ̀ńjìnníà ni gbogbo ẹbí ń pè é, bẹ́ẹ̀ akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ omi, kò sì jókòó ní kíláàsì ẹ̀ńjìnníà kankan rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì bá gbé bébà mì, òun ni wọ́n ń ké sí. Bí fóònù mọ̀lẹ́bí kan bá kọ̀ tí kò tàn, òun náà ni. Orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ni sáfà rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tó ń tọ́jú àwòrán àti ohùn fún gbogbo ẹbí. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló gba gbogbo ohùn ìyá tó wà lórí fóònù àwọn ọmọ, ó kó o jọ síbẹ̀, ó sì ní kí kálukú pa ti ọwọ́ rẹ̀ rẹ́. Ó ní fóònù ń sọnù, sáfà kì í sọnù. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá Ẹ̀ńjìnníà jiyàn?

Ó ní àṣà kan. Nígbàkigbà tó bá tú ẹ̀rọ náà, á fi máákà kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì kọ ohun tó ṣe, bí mẹkáníìkì ṣe ń kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí àlejò lè rí i ni, ká má purọ́.

Nígbà tó yá, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ, yóò dédé dúró, lẹ́tà funfun yóò kún ojú rẹ̀ tó ti dúdú: àyà kánẹ́ẹ̀lì já, kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Kánẹ́ẹ̀lì yìí ni ètò tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ètò yòókù, tó ń pín iṣẹ́ fún irin àti wáyà. Bí òun bá ṣubú, gbogbo ilé ló wó.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ni Ẹ̀ńjìnníà kọ́kọ́ rí lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìgbálẹ̀ kọ́ wáyà iná, tí wáyà já kúrò lára ògiri. Ọkùnrin náà fò dìde ní pálọ̀.

"Ṣé o rí ohun tó o ṣe báyìí? O ti ba ẹ̀rọ jẹ́!"

Kò yẹ nǹkan kan wò. Ó ti rí ẹni tí yóò di ẹrù lé lórí, ó sì dì í. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, àkọ́bí ìyá wọn. Obìnrin náà wá pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ìyàwó kúnlẹ̀ sáàárín pálọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, n ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ohùn ìyá mi ni o, ìyàwó wa. Ohùn ìyá mi."

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó kò ti fi ìgbálẹ̀ kan ìdí sáfà mọ́. Á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ òsì di wáyà mú mọ́ ògiri, á máa fi àkísà nu ilẹ̀ yí àpótí ká. Ọkọ rẹ̀ ń rí i, kò sì sọ pé kó dìde.

Fún oṣù méjì ni Ẹ̀ńjìnníà fi bá sáfà jà. Ó pààrọ̀ fáànù, ó pààrọ̀ wáyà, ó pa gbogbo ètò rẹ̀ rẹ́ láìfọwọ́ kan ohùn ìyá, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Déètì kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ bí ara pátákó ìkọ̀wé. Sáfà kò gbọ́. Níkẹyìn ó gbé ìtìjú tà, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan dá a lóhùn ní gbólóhùn kan: "Ọjọ́ wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀?"

Ní àárọ̀ Sátidé ni ó kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀sán láti wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ó mọ ọjọ́ náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ ìgbálẹ̀ ni, àmọ́ ó ṣí àkọsílẹ̀ tí kánẹ́ẹ̀lì ń kọ fúnra rẹ̀, tó ti kọ́kọ́ tọ́jú sí ọ̀tọ̀, kó lè rí ẹ̀rí fi hàn wọ́n.

Àṣìṣe mẹ́mọ́rì, ihò kejì. Alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹta.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ìgbálẹ̀ tó kan wáyà! Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló ń wò ó: "3 oṣù kẹta. Mo fi mẹ́mọ́rì kún un. Ó ń sáré bí àṣá." Ara kọ̀ǹpútà kan tó ti kú ní ọ́fíìsì ló ti yọ pátákó mẹ́mọ́rì kékeré náà, kò sì dán an wò kó tó tì í bọ ihò kejì.

Ó yọ ọ́. Ó tan ẹ̀rọ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, sáfà jókòó jẹ́ẹ́, ohùn ìyá sì jáde: "Ṣé gbogbo yín ti jẹun?" Oṣù méjì, fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà! Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Ìyàwó sáré jáde láti ilé ìdáná, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì, ẹ ti ṣe é! Ẹ ṣeun. Ẹ ti bá mi bo ìtìjú mi."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sọ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ní ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n dé, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó sunkún, ó sì gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ̀ńjìnníà wa! Mo mọ̀ pé o ò ní já mi kulẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó. "Ọkọ rẹ ti bá ọ tún ohun tó o bà jẹ́ ṣe o. Lọ́jọ́ mìíràn, máa fara balẹ̀."

"Ẹ ṣeun, mà." Ìyàwó sì ń tẹ eékún wálẹ̀.

"Má kúnlẹ̀," ni ọkọ wí. "Kì í ṣe òun, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni. Mo ti ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ kí ìgbálẹ̀ tó dé ibẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo mọ̀, mo sì jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Aránṣọ náà rìn dé ìdí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka déètì tí àbúrò rẹ̀ nàka sí sókè. Nígbà tó nàró, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni kò lè wò lójú.

"Èmi náà ni mo jókòó, tí mo jẹ́ kó kúnlẹ̀," ló sọ.

Ìyàwó dìde dúró. Ó lọ mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì kúnlẹ̀ níbì kankan. Nígbà tó dé ìdí sáfà, ó fi ìgbálẹ̀ fa wáyà yọ pátápátá. Iná kú, ohùn ìyá dákẹ́. Ó gbá erùpẹ̀ oṣù méjì jáde lẹ́yìn àpótí, ó ti wáyà padà sára ògiri, ó tẹ bọ́tìnnì, wọ́n sì jọ ń wò ó títí sáfà fi jí láìsí àṣìṣe kankan.

Ìgbà náà ló mú máákà lórí àpótí, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kọ ọjọ́ òní síbẹ̀," ló wí. "Kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe."

Ẹ̀ńjìnníà gba máákà. Kò sí àyè mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ àfi nísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé òun ló kúnlẹ̀.