Tíréè Ọtí tí Alhaja Fi Bo Àmù

Làmídì ọ̀rẹ́ mi, tó ń wa kẹ̀kẹ́ l'Ọ́fà níbí, ló kọ́kọ́ tá mi lólobó. Ó ní òun gbé Alhaja kan délé nítòsí rélùwéè, wọ́n fún òun lómi mu, ohun tí wọ́n fi bo àmù sì jọ tíréè ọtí àtijọ́ tí mò ń kó jọ tí mo ń tà. Ẹ gbọ́ bó ṣe kàn mí!

Mo débẹ̀. Alhaja gbé tíréè náà kúrò lórí àmù, wọ́n yí ojú rẹ̀ sókè. Háà! Ìgò bíà, ìfófòó tó ń ru, àwọ̀ pupa tó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀ kiri!

Wọ́n ní tó bá wù mí, kí n máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n àwọn máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.

"Ẹ má ṣe wàhálà, Mummy."

"Ta ló ń gbé ìdọ̀tí fún àlejò?"

Ni wọ́n bá mú iyanrìn, omi ọṣẹ àti kànìnkàn onírin, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbà mí o! Bí kànìnkàn onírin bá fi kan kíkùn yẹn, ó parí, páànù lásán ló kù.

Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n kẹ́yìn sí mi. Hàrà, hàrà! Mo pè wọ́n, wọn ò gbọ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó tó ìyá mi bí, ṣé ọwọ́ wọn ni màá dì mú? Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi ọṣẹ.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!"

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. "Ta ni mò ń pa? Dìde jàre, kí ará ilé má rò pé mo nà ọ́!"

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Wọ́n da ojú tíréè dé sórí àkísà, kò fara pa rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ha! Ẹ ṣáà mọ̀ pé a máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sẹ́yìn àwo, kó má bàa sọnù lóde ìnáwó. Orúkọ ọkọ wọn ló wà níbẹ̀.

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá wọn ta ọtí rí, kó tó di ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Gbé ọtí ẹ lọ, orúkọ ọkọ mi ò ní bá a lọ."

Orúkọ náà ò tíì parẹ́ tán. Nídìí òwò wa, tíréè tó bá ní orúkọ ẹni tó ni ín máa ń níyì ju èyí tí kò ní lọ. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ha á tán, Mummy."

Nígbà tí mo tà á, oníbàárà mi bi mí pé ilé ta ni mo ti rí i. Mo ní Ọ̀fà ni. Ohun tí wọ́n bá fún wa, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló di tiwa.

Ẹ wá sọ tiyín fún mi: ká ní ẹ̀yin lẹ wà nínú omi ọṣẹ yẹn, tí ìdajì orúkọ ṣì ń hàn, ṣé ẹ ò ní kà á?