Fọ́tò Tó Ń Padà Wá

Injiníà ni gbogbo wa ń pe ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọmọ dáadáa ni, orí rẹ̀ pé, ó sì ń bọ̀wọ̀ fágbà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan kó rọrùn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ife tíì lásán sí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló fi tì í.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kó ṣe ojú ìwé fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sọ ohun tí a fẹ́ fún un: orúkọ, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó bá kú, kí èmi fọwọ́ ara mi gbé e sí ojú ìwé àwọn tó ti lọ. Ó tán!

Ó ní, "Mà, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ á máa ṣe é fúnra rẹ̀."

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é, òfin lórí òfin. Lóṣooṣù, ẹ̀rọ á kọ íméèlì sí ọmọ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan: "Ṣé òbí yín wà?" Ọmọ tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀rọ á gbà pé òbí rẹ̀ ti kú, á sì gbé fọ́tò òbí náà sí ojú ìwé àwọn tó ti lọ. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ta ló dá mi lóhùn?

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, mo ṣí ojú ìwé àwọn tó ti lọ. Háà! Màmá Injiníà ni mo rí níbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú búláùsì funfun. Ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò ni: "Wọ́n fi wá sílẹ̀ lónìí." Màmá yìí ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta. Àwọn nìkan ló ń dá gbé, ilé wọn sì tó ìrìn wákàtí méjì sí ọ́fíìsì wa.

Mo pe Injiníà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣìṣe ni, ó sì pa á rẹ́. Kí a tó ṣẹ́jú, fọ́tò ti padà. Ó tún pa á rẹ́, ó tún padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní, "Pe màmá ẹ."

Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Màmá ṣì ń wò wá látinú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn òfin náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó ń dá fọ́tò padà. Nígbà tó débi èyí tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ, ó gbọ́wọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ̀rọ ti kọ̀wé sí òun alára. Kò rí ìkankan, torí ó tún ti ṣe òfin mìíràn tó ń kó irú íméèlì bẹ́ẹ̀ pamọ́ kó má baà dí i lọ́wọ́.

Mo bi í pé, "Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

"Ọdún tó kọjá." Ó dìde. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ."

Kí a tó jáde, ó pa gbogbo òfin oṣù mẹ́jọ yẹn rẹ́. Kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a dé ilé Màmá, bàtà kún ẹnu ọ̀nà bí ilé ọ̀fọ̀. A ò gbọ́ ohùn ẹnì kankan. Injiníà di ògiri mú, ó bú sẹ́kún. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn.

Àwọn olùkọ́ àtijọ́ jókòó yí pálọ̀ ká. Láàárín wọn ni Màmá wà lórí àga, ojú wọn là kedere, fóònù wà lórí itan wọn.

"Wọ́n kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ pé mo kú," Màmá sọ fún ọmọ wọn jẹ́ẹ́, "gbogbo wọn sì wá. Mo rí i tí ò ń pè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gbé e ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dìgbà tí mo bá kú kí o tó wá wò mí."