Ọwọ́ Tó Wà Lára Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Pẹ́ńtà ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilé ló ń kùn o. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni, àwọn tó ń gbé ẹrù lọ sí òfurufú. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, àlọ nìkan ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ àbọ̀. Bó bá ti lọ báyìí, inú òkun ló ń já sí, ó parí. Òun àti wẹ́dà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí à ń pè ní Oníkamẹ́rin nítorí irin ti gé ìka kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a máa fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án lára kó tó gbéra, bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà.

Ìgbà tó yá, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ dé. Ọ̀gá wọn ní ta ló ń se ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó ju ìkòkò nù? Iṣẹ́ ọkọ mi wá di kó máa fọ èéfín kúrò lára èyí tó bá padà, kó tún un kùn.

Oníkamẹ́rin kú nígbà tí ọ̀kan ṣì wà lókè. Ó sùn, kò jí. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà dé, gbogbo ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ojú kan tó funfun báláú: àtẹ́lẹwọ́, ìka mẹ́rin.

Ọkọ mi ò lè kùn ún bò. Ọ̀gá ní kó kùn ún tàbí kó wáṣẹ́ mìíràn. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, mo ní, “Bàbá wọn, ọwọ́ òkú kì í bọ́ ọmọ.” Ó kùn ún.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn tún lọ, ó tún bọ̀. Ọkọ mi wọlé, kò bọ́ bàtà. Ó ní ọwọ́ ti di méjì.

“Ti ta ni èkejì?”

“Tèmi ni. Àpá iná àtẹ́lẹwọ́ mi wà láàárín rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ó búra pé òun ò fọwọ́ kàn án rárá kó tó lọ.

Ó bẹ ọ̀gá pé kó dá òun padà sídìí èyí tí kì í bọ̀. Wọ́n ṣì ń lò ó fún ẹrù wúwo tó ń lọ jìnnà, tí epo àbọ̀ ò lè ṣẹ́kù. Ọ̀gá bi í pé ìkòkò ńkọ́. Ó ní ìkòkò kì í lọ síbi tí ìyẹn ń lọ.

Ọ̀sán gangan ni àkọ́kọ́ tó kùn níbẹ̀ gbéra. Ó wálé, ojú rẹ̀ fúyẹ́.

“Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án kó tó gbéra, mo ti bọ Oníkamẹ́rin lọ́wọ́. Èyí ò ní dá ọwọ́ wa padà.”

Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó tún ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Àfi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó tutù bí omi òkun láti ọjọ́ náà. Mo máa ń dì í mú sáàárín ọwọ́ mi méjèèjì. Kì í gbóná.