Àwọn Ọ̀nì Tí A Lọ Wò Lẹ́yìn Ọ̀rà

Lẹ́yìn fìdáù ìyá wa, ilé wa ní Ìlá dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá mi á jí, wọ́n á kírun, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́. Bí mi ò bá gbé e wá, wọn ò ní béèrè. Èmi náà ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀, mò ń fọ aṣọ. Omijé kan ò bọ́ lójú mi. Àwọn aládùúgbò ní mo lọ́kàn gan-an. Kì í ṣe ọkàn. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tí apá náà ò mọ ohun tó bà á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní ká jáde nílé. Ó wakọ̀ wá láti Ìbàdàn, àgọ́ kan tó rà wà nínú búùtù.

"Bàbá, ọ̀rẹ́ yín tó ní oko lẹ́yìn Ọ̀rà ní àwọn ọ̀nì máa ń jáde wá yá oòrùn létí odò àwọn. Ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n. A ó sùn síbẹ̀."

Bàbá mi ò bá a jiyàn. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ jókòó síwájú ọkọ̀.

A ra búrẹ́dì àti àkàrà ní Ọ̀rà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà ọlọ́dà tán, ó ku eruku àti koríko tó ń ha ilẹ̀kùn ọkọ̀. Olóko náà fi orí àpáta kan hàn wá, pé ibẹ̀ ni ká pàgọ́ sí. "Ẹ má sún mọ́ omi o," wọ́n wí. "Ọ̀tọ̀ ni ká wo ọ̀nì, ọ̀tọ̀ ni ká bá a pàdé." Wọ́n kí wa pé ó dàárọ̀, wọ́n sì lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ pè ní ìtì igi lórí iyanrìn ya ẹnu. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ń rìn káàkiri lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

"O rí i?" Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n mí léjìká.

"Mo rí i."

Òótọ́ ni, mo rí i. Ṣùgbọ́n àfi bíi tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń wò nílé onílé.

Igbe ẹ̀gbọ́n mi ló jí mi ní ìdájí. "Bàbá! Ẹ dúró! Ẹ má gbé ẹsẹ̀!"

Mo yọ orí síta. Bàbá mi ti mú búùtà, wọ́n fẹ́ bu omi odò ṣe àlùwàlá. Ọ̀nì kan wà nínú koríko níwájú wọn; bí wọ́n bá na ọ̀pá, á kàn án. Mo di ìró mi mú, mò ń retí kí àyà mi já. Kò já. Ohun tí mò ń rò ni pé búùtà náà ò ní ìdérí.

"Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn. Díẹ̀díẹ̀."

Bàbá mi fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀nì náà yí orí padà, ó yọ́ wọnú omi, omi ò tilẹ̀ ta. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ wọn, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Bàbá mi ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Omi inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìrun, mo po tíì fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ń tú àgọ́.

"Ẹ̀rù bà yín, Bàbá?"

"Kò bà mí." Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. "Mo dúró, mò ń wá ẹ̀rù náà nínú ara mi. Mi ò rí i. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé bákan náà ni tèmi. Mo bu búrẹ́dì fún wọn, wọ́n gbà á, a jọ ń wo odò. Wọ́n sọ pé bó bá jẹ́ ìyá wa ló wà níbẹ̀, gbogbo Ọ̀rà ni ì bá gbọ́ igbe rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bàbá mi máa dárúkọ ìyá wa látìgbà ikú wọn.

Bàbá mi sùn nínú ọkọ̀ títí a fi wọ Ìlá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí láti yàrá wọn, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Mo lọ dáná.