Irun Ló Ń Re

Ìwà ìmẹ́lẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń rí mi lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹ̀rọ̀, nítorí ibi tí nǹkan bá ti rọrùn lẹ ó ti bá a. Nígbà tó fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, ó ra irú àgùntàn kan tí irun rẹ̀ máa ń re fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í gé. Orí òkúta ni o, inú àbàtà ni o, wọ́n á rí nǹkan jẹ, wọ́n á sì bímọ láìsí agbẹ̀bí. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́! Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ẹran tí a kì í gé irun rẹ̀, a kì í tọ́jú rẹ̀ náà nìyẹn. Orí àga lẹ́yìn ilé ló ti ń dà wọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Abo àgùntàn kan wà tí òun fúnra rẹ̀ fi ìgò fún ní wàrà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ẹran náà ti lóyún, ó kù díẹ̀ kó bí, àmọ́ kò jẹun mọ́, ó sì ń rùn. Ẹ̀rù ń bà á kó má kú.

"Irun ló ń re," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nígbà tí mo dé. "Àsìkò ẹ̀ ni."

Irun ìdí ẹran náà ti lẹ̀ pọ̀, eṣinṣin bò ó. Mo fìka gbé e sókè, awọ abẹ́ rẹ̀ ń rìn. Ìdin ni! Wọ́n ti jẹ ẹ́ wọnú. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Bọ̀dá, ẹ wá bá wa dì í mú!"

"Èmi? Pẹ̀lú òórùn yìí?" Ó fi fìlà bo imú.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la gé irun náà, tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oògùn fọ egbò. Ìdin ń já bọ́ sápá wa.

"Rọ́jú, ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ ń sọ pẹ̀lú ẹkún. "Jọ̀ọ́, rọ́jú."

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló bímọ. Òkú ọmọ ni. Àgùntàn náà gbé orí lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó súnmọ́ wa. Ó ní kí n bá òun gbẹ́lẹ̀ tí a máa sin wọ́n sí, ẹ̀yìn ń dun òun. Mo ju ṣọ́bìrì síwájú rẹ̀.

"Ẹ gbẹ́ ẹ fúnra yín. Ọwọ́ tẹ́ ẹ kọ̀ láti fi kàn án láàyè, òun náà lẹ máa fi sin ín."