Jìtá Tí Ọrùn Ẹ̀ Wọ́

Èmi kọ́ ni mo tẹ ọrùn jìtá yẹn o! Ọ̀rẹ́ mi ló rà á ní Ìsẹ́yìn, irú olówó pọ́ọ́kú tẹ́nìkan ò mọ ẹni tó ṣe é, ló bá gbé e wá hàn mí ní Ṣakí, níṣojú àfẹ́sọ́nà ẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá olójìtá, ṣé mo rajà àbí mi ò rajà?"

Mo di ojú kan, mo wo ọrùn ẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń wo ìbọn. Mo ní, "Ó ti wọ́. Tọ́yẹ́ bá dé, á sán."

Ọmọbìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọ̀rẹ́ mi, ó gbé jìtá ẹ̀, ó lọ.

Ọyẹ́ dé, mo gbọ́ pé ọrùn jìtá náà sán lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kò padà wá. Orin tá a jọ kọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì, èmi ni mò ń dá a, èmi náà ni mò ń gbè é.

Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?